Ohun Tí Oògùn Ń Gbà: Olóògùn àti Ìjọba Nínú Ayé Géèmù

Ọ̀rọ̀ àsọyé tí mo bá àwọn ọ̀dọ́ tó ń gbá géèmù àti àwọn tó ń ṣe é sọ ní Ilé-Ifẹ̀ nìyí. Àwọn ibi tí iná ti lọ tí a dúró de jẹnẹrétọ̀ nìkan ni mo yọ kúrò.

Ẹ̀yin àgbà tẹ́ ẹ bá wa péjọ, mo kí yín o, ẹ kú ìkàlẹ̀. Ẹ̀yin ìyá wa tẹ́ ẹ tẹ̀ lé ọmọ yín wá kí ẹ lè fojú ara yín rí ohun tó ń gbà á lóorun mọ́jú, ẹ kú àmúmọ́ra. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń yàwòrán, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kọ kóòdù, ẹ̀yin tẹ́ ẹ kàn gbọ́ pé mọ́ínmọ́ín wà, gbogbo yín ni mo kí. Ilé-Ifẹ̀ la wà, a kì í lanu sọ̀rọ̀ níbí ká má júbà. Mo júbà onílẹ̀, mo júbà àgbà. Kí ìbà mi ṣẹ.

Mo dúpẹ́. Ìbà ti ṣẹ.

Ìbéèrè kan rèé. Ká ní ọkùnrin kan wà ní ìlú yìí, láàárín Lágéré sí Ẹnuwá, tó jẹ́ pé bó bá nawọ́, iná á jó ilé mẹ́ta. Ohun tí ò ń rò lọ́kàn, ó mọ̀ ọ́n. Ó lè wà níbí láàárọ̀, kó wà ní Sókótó lọ́sàn-án, kó sì padà wá jẹ àmàlà alẹ́ nílé. Ta ni yóò jẹ ọba ìlú náà?

Mo gbọ́ yín. "Òun náà ni!" Ibi gbogbo tí mo bá ti béèrè, ohun tí wọ́n ń sọ nìyẹn. Àwọn tó ń ṣe géèmù gan-an, bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ nìyẹn: oṣó tó lágbára jù lọ ló wà lórí ìtẹ́, ilé rẹ̀ ga, ó dúdú, ojú ọ̀run ibẹ̀ pọ́n, ará ìlú ń sunkún. Èmi ò gbà. Ohun tí mo wá sọ kò gùn: ẹ fi ohun tí oògùn ń ṣe sílẹ̀ ná, ẹ wo ohun tó ń gbà. Àwọn baba wa ní oògùn tí a kò fowó ṣe, ẹ̀yìn ààrò ní í gbé. Gbogbo oògùn ló ní owó tirẹ̀, ibi tí owó náà bá sì ti ń jáde ni ìjọba máa ń lọ tẹ́ ẹní rẹ̀ sí.

Ẹni tó lè ju iná

Ẹ jẹ́ ká mú Dungeons & Dragons, torí òun ni bàbá púpọ̀ nínú ohun tẹ́ ẹ ń gbá lórí kọ̀ǹpútà àti fóònù. 1974 ni Gary Gygax àti Dave Arneson gbé e jáde ní Amẹ́ríkà. Eré orí tábìlì ni: ẹnì kan ń darí ìtàn, àwọn tó kù ń ṣe èèyàn inú rẹ̀, dáìsì ló ń dájọ́. Nínú rẹ̀, oṣó tó bá dé ìpele karùn-ún lè pe ọfọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Fireball. Gbogbo ọmọdé ló fẹ́ràn Fireball.

Ilé kan wà ní Parakin tí a ti máa ń ta á lálẹ́ Sátidé. Lálẹ́ ọjọ́ kan, ọ̀dọ́mọkùnrin kan nínú wa dé ìpele karùn-ún. Iná ò sí, tóṣì fóònù la gbé sórí ife kí a lè rí ojú dáìsì. Bàbá dìde dúró, ó fọwọ́ lu àyà, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, mo ti gba ìlú yìí. Èmi lọba." Mo ní kábíyèsí, ẹ kú oríire. Mo ní ọ̀la lọjọ́ ọjà, ta ló máa gba owó bodè? Ó ní ẹni tí kò bá san, òun á ju iná sí i. Mo ní òkú kì í san owó bodè. Ó ronú díẹ̀, ó ní òun á fi Charm Person, ọfọ̀ tó ń sọ èèyàn di ọ̀rẹ́ ẹni, mú àwọn oníbodè. Mo ní ẹ ṣí ìwé. Wákàtí kan ṣoṣo ni, tó bá sì ti pé, ẹni tó fi mú á mọ̀ pé ó fi nǹkan mú òun. Bodè mẹ́rin sì ni ìlú náà ní. Ọmọbìnrin kan tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ wò ó láti òkè délẹ̀, ó ní, "Kábíyèsí, ẹ máa sùn ṣá?" A rẹ́rìn-ín títí dáìsì fi yí bọ́ sábẹ́ àga.

"Ẹ máa sùn ṣá?" Ẹ gbọ́ ìbéèrè yẹn dáadáa. Oṣó ìpele karùn-ún kò lè ju iná yẹn ju ẹ̀ẹ̀mejì sí ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ lóòjọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, àfi kó sinmi fún wákàtí mẹ́jọ. Iná náà kì í kọjá ẹsẹ̀ bàtà 150 láti ibi tó dúró sí, bẹ́ẹ̀ ọfà ọrun gígùn nínú ìwé kan náà ń lọ dé 600. Ẹ kó 200 tafàtafà sínú pápá, kí wọ́n má fún pọ̀, kí wọ́n dúró jìnnà síra wọn. Kí ni oṣó yẹn fẹ́ ṣe? Tó bá wá sùn, ta ni yóò dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn? Ta ló se ọbẹ̀ tó jẹ kó tó sùn? Ẹni tí ọba alágbára gbọ́dọ̀ fọkàn tán kó tó lè di ojú rẹ̀, ìjọba ti wà lọ́wọ́ ẹni yẹn díẹ̀.

Àwa náà ní irú ìtàn yìí, kò sì jìnnà. Baṣọ̀run Gáà ní Ọ̀yọ́. Wọ́n ní ó ní oògùn tó fi ń di ẹkùn, tó fi ń di erin. Ẹ̀rù rẹ̀ ba ayé. Ó ju Aláàfin kan lọ tó rán lọ sọ́run. Ṣé ó jọba? Kò jọba. Kò tiẹ̀ nílò rẹ̀. Ipò Baṣọ̀run ló wà, olórí Ọ̀yọ́ Mèsì, ẹni tó jẹ́ pé tí ọdún Ọ̀run bá dé, òun ló ń da obì láti mọ̀ bóyá orí ọba ṣì ń gba ọba. Èwo ló bani lẹ́rù jù nínú kí èèyàn di erin àti kí èèyàn jẹ́ ẹni tó ń ka obì? Èmi á sá fún erin. Ẹni tó ń ka obì, kò síbi tí mo fẹ́ sá sí.

Ibo ni Gáà wá ti ṣubú? Kì í ṣe pé oògùn rẹ̀ tán. Àwọn ọmọ rẹ̀ tàn ká gbogbo ìlú, wọ́n ń gba ìṣákọ́lẹ̀, wọ́n ń jẹ ẹ́, àwọn ìlú wá sú. Ara òun náà ti di ti àgbàlagbà. Aláàfin Abíọ́dún bá Kakaǹfò Ọ̀yábì ní Àjàṣẹ́ mulẹ̀, wọ́n dájọ́ sọ́nà fún gbogbo ìlú, ní 1774 wọ́n pa ilé Gáà run. Òun la fi ń sọ pé bí o láyà kí o ṣìkà, bí o bá rántí ikú Gáà, kí o sọ òótọ́. Ẹ kọ èyí sílẹ̀, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣe géèmù: owó ìlú ló pa olóògùn yẹn, kì í ṣe olóògùn mìíràn.

Ta ló ń san owó rẹ̀?

Ó yá, ẹ jẹ́ ká rìn káàkiri àwọn ayé tí wọ́n ti kọ. Mi ò ní lọ síbi gbogbo.

Athas ni mo máa kọ́kọ́ yà sí, ayé Dark Sun tí wọ́n kọ fún géèmù ti Gygax yẹn, tó jáde ní 1991. Níbẹ̀, inú ewéko ni oṣó ti ń fa agbára ọfọ̀ rẹ̀. O pe ọfọ̀, koríko tó yí ọ ká di eérú, ilẹ̀ yẹn kò ní hù mọ́. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe é, gbogbo ayé náà ti di aṣálẹ̀. Báwo ni ìjọba ibẹ̀ ṣe rí? Ọba oṣó kọ̀ọ̀kan ló ń jókòó lé ìlú kọ̀ọ̀kan, òfin wọn sì ni pé ẹlòmíràn kò gbọdọ̀ kọ́ oògùn. Ẹ ó ní ìkà ni wọ́n. Ìkà ni wọ́n lóòótọ́, àmọ́ ìṣirò ló kọ́kọ́ wà níbẹ̀: ewé tó kù lórí ilẹ̀ kò tó oṣó méjì jẹ.

Nǹkan kan tún wà níbẹ̀ tí mo fẹ́ràn gan-an. Àwọn òṣìṣẹ́ ọba, tí wọ́n ń pè ní templar, ọwọ́ ọba ni oògùn tiwọn ti ń wá. Ẹni tó ń gba owó orí, ẹni tó ń dájọ́, ẹni tó ń ṣọ́ kànga, ọba ló ń fún wọn lágbára tí wọ́n ń lò. Tí ọba bá ṣubú, gbogbo wọn di èèyàn lásán láàárín àwọn tí wọ́n ti ń fìyà jẹ láti ogún ọdún. Ṣé ẹ rò pé irú àwọn òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀ á dìtẹ̀? Kò sí ìbúra tó ká òṣìṣẹ́ lọ́wọ́ kò tó ìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká kọjá sí Dragon Age, géèmù orí kọ̀ǹpútà, tí apá kìíní rẹ̀ jáde ní 2009. Ewu ni oògùn ń gbà níbẹ̀. Ẹni tó bá ní in lára, ẹ̀mí àìrí lè wọ inú rẹ̀ nígbàkigbà, kó sọ ọ́ di ẹranko burúkú tó máa pa ará ilé rẹ̀. Nítorí náà, tí ọmọ bá ti fi àmì rẹ̀ hàn, wọ́n á gbà á lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, wọ́n á mú un lọ sínú ilé gogoro kan, àwọn jagunjagun ìjọ á máa ṣọ́ ọ. Wọ́n á gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sínú ìgò kékeré, kó lè jẹ́ pé tó bá sá, ẹ̀jẹ̀ yẹn ni wọ́n á fi tọpa rẹ̀. Ọmọ ìjòyè tó bá ní oògùn lára kò ní jogún oyè bàbá rẹ̀ mọ́.

Àmọ́ lórí ilẹ̀ kan náà, ìjọba Tevinter wà ní àríwá. Oògùn kan náà ni, ewu kan náà ni, ṣùgbọ́n àwọn olóògùn ló ń ṣe ìjọba ibẹ̀, àwọn ló jókòó sí ìgbìmọ̀. Kí ló fà á? Àwọn tó gbá a máa ń sọ pé ẹ̀sìn ló yàtọ̀. Ẹ̀sìn yàtọ̀ o. Lójú tèmi, ẹrú ló fà á. Ní Tevinter, ẹrú wà lábẹ́ àwọn olóògùn, ẹ̀jẹ̀ ẹrú sì ni ọ̀pọ̀ wọn fi ń ra agbára ní kọ̀rọ̀, bí òfin wọn tiẹ̀ ní kí wọ́n má ṣe é. Ní gúúsù, aládùúgbò ni yóò kú tí nǹkan bá bàjẹ́. Níbi tí aládùúgbò bá ti ń san owó oògùn, wọ́n á ti olóògùn mọ́lé. Níbi tí ẹni tí kò lẹ́nu ọ̀rọ̀ bá ti ń san án, olóògùn á di ìjòyè. Ẹ lọ wo géèmù náà, kí ẹ wá bá mi jiyàn.

Eberron, ayé mìíràn fún géèmù ti Gygax, tí Keith Baker kọ, tó jáde ní 2004, ìran ni oògùn ń gbà níbẹ̀. Àmì kan máa ń hù sára àwọn ọmọ ìdílé kan, àmì yẹn ló ń fún wọn ní iṣẹ́ wọn. Ìdílé Jorasco ń wo àìsàn. Ìdílé Sivis ń fi ìròyìn ránṣẹ́. Ìdílé Orien ló ni iṣẹ́ ọkọ̀ àti ọ̀nà. Ìdílé Cannith ń rọ nǹkan. Òfin kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní òfin Korth: ìdílé wọ̀nyí kò gbọdọ̀ ní ilẹ̀, wọn kò gbọdọ̀ jẹ oyè. Ó dà bíi pé wọ́n ti dè wọ́n lọ́wọ́, àbí? Ẹ wá ronú ọjọ́ tí gbogbo Jorasco bá pinnu pé àwọn ò ní tọ́jú ọmọ ogun ọba kan mọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ohun tí ojú wa ń rí lọ́wọ́ iná mọ̀nàmọ́ná, mi ò nílò láti ṣàlàyé ohun tí ẹni tí kò jọba lè fi ojú ọba rí.

Thay ńkọ́, ilẹ̀ àwọn oṣó nínú Forgotten Realms, ayé mìíràn fún géèmù kan náà? Ọdún ẹ̀kọ́ ni wọ́n ń san, nítorí náà ẹni tó ni ilé ìwé ló nìlú: zulkir mẹ́jọ, ìyẹn àwọn olórí oṣó, ọ̀kọ̀ọ̀kan fún ẹ̀ka oògùn kọ̀ọ̀kan, gbogbo wọn ń ṣọ́ ara wọn. Glantri náà rèé, ilẹ̀ kan nínú ayé Mystara, ẹni tí kì í ṣe oṣó kò lè jẹ oyè ọmọ ọba níbẹ̀, wọ́n tún ka iṣẹ́ àlùfáà sí ẹ̀ṣẹ̀ ikú. Àwọn ìyẹn ò ṣòro láti yé èèyàn, ẹ jẹ́ ká kọjá.

Rárá, ẹ dúró. Mi ò ní kọjá láì dárúkọ Morrowind, géèmù kọ̀ǹpútà tó jáde ní 2002. Ìdílé Telvanni, ìdílé àwọn oṣó. Inú olú ńláńlá ni wọ́n ń gbé, olú tó ga ju ilé alájà mẹ́ta lọ, kò sì sí àtẹ̀gùn tí o fi lè dé ọ̀dọ̀ olóyè fúnra rẹ̀. Tí o kò bá lè fò, o kò lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Tí ìpàdé ìgbìmọ̀ bá wáyé, àwọn olóyè náà kì í lọ! Aṣojú ni wọ́n ń rán, Ẹnu ni orúkọ oyè ẹni náà. Ẹnu ti lágbájá, Ẹnu ti làkásègbè, àwọn Ẹnu ló ń jókòó sípàdé, àwọn ló mọ ohun tó ń lọ nílùú. Ẹni tó kọ eléyìí mọ ohun tí agbára ń sọ èèyàn dà. Ẹni tó ti fi ọgọ́rùn-ún ọdún wádìí àṣírí ikú, ṣé ẹjọ́ ewúrẹ́ tó jẹ iṣu aládùúgbò ló kàn án?

Ẹni tó ń bọ́ ìlú

Ibi tí mo fẹ́ràn jù la dé yìí, ẹ fara balẹ̀ fún mi. Bí ebi bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe. Ẹ yọ fóònù yín, ká ṣírò.

Àlùfáà ìpele karùn-ún nínú Dungeons & Dragons lè pe ọfọ̀ tó ń ṣe oúnjẹ àti omi. Ọfọ̀ kan ń bọ́ èèyàn 15 fún ọjọ́ kan. Ó lè pè é lẹ́ẹ̀mejì, ìyẹn 30. Ìlú tó ní 3,000 èèyàn nílò irú àlùfáà bẹ́ẹ̀ 100, lójoojúmọ́, láìsinmi, láìṣe iṣẹ́ ìyanu mìíràn. Ìwé náà tún sọ pé oúnjẹ yẹn kò ládùn. Ẹ fún ará Ifẹ̀ ní oúnjẹ tí kò ládùn fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí ẹ wo ohun tí wọ́n máa fi àlùfáà náà ṣe.

Ọfọ̀ kan wà nínú ìwé kan náà, ìpele kan náà, tí àwọn ọmọdé kì í wò rárá. Plant Growth. Druid, ìyẹn olóògùn igbó àti ewéko, ló sábà máa ń ní in. Tó bá fi wákàtí mẹ́jọ pè é, ilẹ̀ tó wà láyìíká rẹ̀ títí dé ìdajì máìlì á so ìlọ́po méjì fún ọdún kan gbáko. Ìdajì máìlì yíká, nǹkan bí 500 éékà nìyẹn. Iṣẹ́ ọjọ́ kan! Ká ní ó ṣe é fún 200 ọjọ́ lọ́dún, kó máa lọ sí oko mìíràn lójoojúmọ́: 100,000 éékà. Ẹnì kan. Kò ju iná, kò bú ẹnikẹ́ni, ó kàn jókòó sídìí igi láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́.

Ta ni alágbára báyìí? Ẹni tó lè jó ilé mẹ́ta ni, àbí ẹni tó lè sọ ìkórè 100,000 éékà di ìlọ́po méjì?

Ṣùgbọ́n ẹ má tíì pàtẹ́wọ́, ibi tí ìjọba ti wọ ọ̀rọ̀ náà nìyí. Òjò àkọ́rọ̀ ti fẹ́ rọ̀. Oko ta ni druid máa kọ́kọ́ lọ? Ìwé kan gbọ́dọ̀ wà tí wọ́n to orúkọ abúlé sí. Ta ló ń kọ ìwé yẹn? Druid kò ráyè, inú oko ló wà. Akọ̀wé kan ló ń kọ ọ́. Láàárín ọdún méjì, ẹ máa rí i pé abúlé ìyàwó akọ̀wé ni nọ́ńbà kìíní. Láàárín ọdún márùn-ún, àwọn èèyàn á ti máa dọ̀bálẹ̀ fún akọ̀wé. Ọba á fi ọmọ rẹ̀ obìnrin fún druid, àwọn olórí ogun á fi tiwọn fún akọ̀wé.

Àwọn tí wọn ò sì dé oko wọn ńkọ́? Iṣu ti pọ̀ lọ́jà, owó rẹ̀ ti já wálẹ̀. Ẹni tó gbin ọgọ́rùn-ún ebè tó kórè ọgọ́rùn-ún kò lè bá ẹni tó gbin ọgọ́rùn-ún tó kórè igba tajà. Á ti oko rẹ̀ pa, á wọ ìlú wá, á máa wá iṣẹ́. Ọ̀dọ́ tí kò níṣẹ́ ti kún ìlú, bẹ́ẹ̀ oúnjẹ pọ̀ tí wọ́n lè fi bọ́ ọmọ ogun. Ẹ sọ fún mi, kí ni ọba irú ìlú bẹ́ẹ̀ máa ṣe sí ìlú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀? Ọfọ̀ ọ̀gbìn ló bí ogun yẹn, kò sí Fireball kankan níbẹ̀. Géèmù odidi kan ló wà níbẹ̀ yẹn, mi ò tíì rí ẹni tó ṣe é.

Ọba tí kì í kú

Ọ̀rọ̀ ikú ló kàn. Ọfọ̀ tó ń jí òkú wà, gbogbo yín mọ̀ ọ́n. Òfin rẹ̀ rèé: òkú náà kò gbọdọ̀ ju ọjọ́ mẹ́wàá lọ. Dáyámọ́ńdì tó tó 500 owó wúrà ni yóò bá a lọ. Ẹni tó kú gbọ́dọ̀ fẹ́ padà wá. 

Ẹ tú u wò díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó fẹ́ pa ọba kò ní fi ọ̀bẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́, ibi ìwa-dáyámọ́ńdì ló máa kọ́kọ́ gbà. Àrẹ̀mọ tí bàbá rẹ̀ kú lánàá kò tíì lè ṣe nǹkan kan, àfi kó ka ọjọ́ mẹ́wàá, kó máa ṣọ́ òkú lọ́sàn-án lóru. Ẹ sì wo èyí tó wí pé òkú gbọ́dọ̀ fẹ́ padà. Ta ló máa jáde sí gbangba wá sọ pé ọba ní òun ò wá mọ́? Àlùfáà ni. Ẹ ti tún rí ẹni tó ń ka obì?

Szass Tam ti Thay wá ré gbogbo rẹ̀ kọjá. Ó ti sọ ara rẹ̀ di lich, òkú tó ń rìn, kò sí ọjọ́ ogbó fún un mọ́. Àwọn zulkir tó kù ń darúgbó, òun ò darúgbó. Níkẹyìn ó kó gbogbo agbára sọ́wọ́ ara rẹ̀.

Àwọn baba wa ti ronú lórí irú ewu yìí kí ẹnikẹ́ni tó ṣe géèmù. Ní Ọ̀yọ́ láyé àtijọ́, ikú ọba, irinṣẹ́ ìlú ni. Tí ìlú ò bá fẹ́ Aláàfin mọ́, wọ́n á gbé igbá fún un kó ṣí i wò, ó mọ ohun tó kù kó ṣe. Àrẹ̀mọ náà gbọ́dọ̀ bá bàbá rẹ̀ lọ, kó má baà jẹ́ pé ó máa kánjú rán bàbá lọ. Aláàfin Àtìbà wá yí ìyẹn padà. Nígbà tó wàjà ní 1859, Adélù ọmọ rẹ̀ gun orí oyè. Kúrunmí ní Ìjàyè ní òun ò mọ irú ọba bẹ́ẹ̀. Ó di 1860, ogun Ìjàyè bẹ̀rẹ̀, ìlú Ìjàyè sì parẹ́. Nítorí kí ni? Nítorí pé ẹnì kan ṣoṣo tó yẹ kó kú kò kú. Ẹ wá fi wé ìlú tó jẹ́ pé ọba gan-an kò ní kú láéláé, tí àrẹ̀mọ rẹ̀ ti pé ẹni ọgọ́rin ọdún, tó ṣì ń dọ̀bálẹ̀ lójoojúmọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kọ ìtàn géèmù, ẹ yéé mú lich wá bí ọ̀tá tó jókòó sí yàrá ìkẹyìn tó ń dúró de ẹni tó máa wá pa á. Ẹ lọ wo inú ilé rẹ̀. Àwọn ọmọ rẹ̀ ńkọ́?

Ọ̀rọ̀ ilé ẹjọ́ ò ní gbà wá lásìkò. Ọfọ̀ òtítọ́ wà, ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni, ẹni tó bá mú kò lè purọ́ nínú rẹ̀, àmọ́ ó lè dákẹ́. Ọ̀rọ̀ tó kàn kù ni bóyá adájọ́ máa ka ìdákẹ́ sí ẹ̀bi. Ìlú méjì lè dáhùn ìyẹn lọ́nà méjì, kí wọ́n sì di ọ̀tá ara wọn lórí rẹ̀.

Ta ló lẹ́tọ̀ọ́ láti pè é?

Ó kù díẹ̀, mo ti rí àwọn tó ń wo aago.

Kò jìnnà síbi tí a wà yìí ni Ọ̀pá Ọ̀rànmíyàn dúró sí, òkúta tó ga tó nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 18. Gbogbo ọmọ Ifẹ̀ ló mọ ìtàn rẹ̀. Wọ́n ní nígbà tí Ọ̀rànmíyàn dàgbà, ó wọlẹ̀ lọ, ó sì fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀ pé tí ogun bá dé, kí wọ́n pe òun. Lọ́jọ́ ọdún kan, àwọn èèyàn ti mutí yó, wọ́n ní ẹ jẹ́ ká dán an wò. Wọ́n pè é pé ogun ti dé. Ó jáde tòun ti idà, ó ń bẹ́ orí. Kó tó mọ̀ pé ọmọ Ifẹ̀ lòun ń pa, ó ti pa wọ́n lọ rẹpẹtẹ. Ó gbé ọ̀pá rẹ̀ gún ilẹ̀, kò padà wá mọ́.

Ibi tí ọkàn mi máa ń lọ nínú ìtàn yìí ni pé kò sẹ́ni tó dárúkọ ẹni tó ni ọ̀rọ̀ ìpè. Wọ́n fi ohun ìjà tó lágbára jù lọ sílẹ̀ fún ìlú, wọn ò yan ẹni tí yóò máa ṣọ́ ọ̀rọ̀ tí a fi ń pè é. Ọ̀mùtí lè pè é. Nínú géèmù yín, tí oṣó bá ń sìn ọba, bí àwọn War Wizard, àwọn oṣó ogun, ti ń sìn adé ní Cormyr, ìjọba kan nínú Forgotten Realms, ẹ béèrè pé tí ọba bá ń ṣàìsàn, ta ló lè pàṣẹ fún wọn? Tí ọba bá jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ ńkọ́? Tí ayaba àti olórí ogun bá pàṣẹ tó tako ara wọn lóru ọjọ́ kan náà?

Ṣàngó ni wọ́n máa ń fi ti Ọ̀rànmíyàn lẹ́yìn. Òun jọba, òun náà ló tún loògùn. Kò sẹ́ni láàárín tó lè sọ fún un pé kábíyèsí, ẹ má dán èyí wò nítòsí ààfin. Ó dán an wò, àrá jó ààfin tòun tará ilé. Wọ́n máa ń sọ pé ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Lọ́tẹ̀ yìí, ọba gan-an ló fi ìlú sílẹ̀.

Ní Ifẹ̀ tiwa, Ọ̀ọ̀ni wà ní Ẹnuwá, Àràbà wà ní Òkè Ìtasẹ̀. Ẹni tó ń ṣe ìlú wà níbì kan, ẹni tó ń bá ọ̀run sọ̀rọ̀ wà lórí òkè tirẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì nílò èkejì. Mi ò tíì rí géèmù kan tó ṣe ìyẹn dáadáa. Wọ́n á ní oṣó jọba, tàbí wọ́n á ní wọ́n ti oṣó mọ́lé. Ìlú tí méjèèjì jọ ń gbé, tí wọ́n ń ránṣẹ́ síra wọn, tí wọ́n ń bínú síra wọn, tí wọ́n tún ń jọ ṣọdún, ẹni tó máa kọ ọ́ lè wà nínú yàrá yìí.

Tí ẹ bá délé, kí ẹ tó ya ilé oṣó, ẹ ya bodè. Ẹ kọ iye tí wọ́n ń gbà níbẹ̀ àti ẹni tó ń gbà á. Ẹ kọ ibi tí oúnjẹ ti ń wá. Ẹ kọ ohun tí ọfọ̀ kọ̀ọ̀kan ń gbà, kí ẹ sì kọ orúkọ ẹni tó ń san án, kì í ṣe ẹni tó ń pè é. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ tó wá fi ẹnì kan sórí ìtẹ́.

Mo dúpẹ́ tẹ́ ẹ fetí sílẹ̀. Ẹni tó bá ní ìbéèrè, kó nawọ́. Arábìnrin kan ti nawọ́ níbẹ̀ yẹn látìgbà tí mo ti sọ ọ̀rọ̀ ẹrú Tevinter, ojú rẹ̀ sì fi hàn pé kò gbà. Ẹ gbé makirofóònù fún un ná.